Fọ́tò Mẹ́tàlélógójì

Àwọn kan pàdé nínú ọkọ̀, àwọn mìíràn pàdé nílé ọ̀rẹ́. Níbi àríyànjiyàn irinṣẹ́ ni àwọn méjì tí ìtàn yìí dá lé lórí ti pàdé, wọn kò sì tíì kí ara wọn tán tí ìjà fi bẹ̀rẹ̀.

Ọ́fíìsì náà wà ní àjà kejì, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Ènìyàn mẹ́jọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. JavaScript ni wọ́n fi ń kọ ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké: nọ́ọ̀sì á tẹ ìwọ̀n ọmọ sínú rẹ̀, ojú ewé á sì sọ iye oògùn tó yẹ kí ọmọ náà mu. Obìnrin tí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀ ti lo ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ìyá Ìdánwò ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì lọ́kọ, kò sì tíì bímọ, nítorí kò sí iṣẹ́ tó lè jáde kúrò ní ọ́fíìsì yẹn láìjẹ́ pé ó dán an wò. Ó ti kọ ìdánwò tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan kóòdù, àwọn ìdánwò yẹn á sáré. Èyí tó bá yege á ní àwọ̀ ewé, èyí tó bá kùnà á pupa. Bí pupa bá ti yọ, ẹ má wulẹ̀ bẹ Ìyá Ìdánwò, kò ní gbọ́.

Ọjọ́ Ajé kan ni Ọ̀gá wọn, obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú ohùn de ọjọ́ ogbó, mú ọkùnrin kan wọlé pé yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́. Ọkùnrin náà ga, àpò kan ló gbé kọ́ èjìká. Wọ́n fi tábìlì tó kángun sí ti Ìyá Ìdánwò hàn án. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí iṣẹ́ tí wọ́n fún un, ó sì ń wò ó. Ó wò ó títí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé kọ̀ǹpútà yìí ti kú ni?”

“Kò kú,” ni Ìyá Ìdánwò fèsì, kò gbójú sókè. “Ó ń kó kóòdù jọ ni.”

“Á tó ìgbà wo?”

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin.”

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i? Ẹ sì ń fara dà á?”

“Kò tíì pa wá.”

Ọkùnrin náà yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. “Webpack lẹ fi ń kó o jọ, àbí? Kì í ṣe irinṣẹ́ burúkú o. Ṣùgbọ́n ẹrù yín ti pọ̀ ju bí ẹ ṣe tò ó lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sórí Vite. Ohun tí ojú ewé bá béèrè nìkan nìyẹn máa ń gbé wá. Ẹni tó fẹ́ mu omi ife kan, kò yẹ kó kọ́kọ́ gbé gbogbo àmù wá sí pálọ̀.”

“Ìgbà wo lẹ débí?”

“Ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn.”

“Ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti fẹ́ wó ilé onílé.” Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. “Ìdánwò mi tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ ńkọ́? Irinṣẹ́ Jest ló ń bá wa ṣe wọn láti ọdún márùn-ún wá. Ta ni yóò gbà wọ́n?”

“Vitest á gbà wọ́n. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èdè kan náà ni wọ́n ń sọ.”

“‘Ó fẹ́rẹ̀ẹ́’ yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù.”

Ọ̀gá yọjú láti yàrá tirẹ̀. “Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ yàn án,” ó ní. “Mo fún yín ní oṣù mẹ́ta. Mi ò fẹ́ ariwo.”

Báyìí ni wọ́n ṣe so tábìlì méjì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irinṣẹ́ tuntun ti yá tó gbọ́dọ̀ wọn ti àtijọ́ dáadáa, nítorí náà wọ́n ń ṣí iṣẹ́ náà, wọ́n ń pa á, bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n jókòó. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kálukú wo fóònù rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin fóònù ọkùnrin náà kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìyá Ìdánwò gbọ́ pé ìyá ọkùnrin náà nìkan ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Ó gbọ́ pé kò lè sùn bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ó gbọ́ pé Kíákíá ni wọ́n ń pè é nílé.

“Nítorí pé ẹ ń kánjú?”

“Rárá o. Nítorí pé kí agbẹ̀bí tó dé, mo ti dé.”

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé láti kọ iye ìṣẹ́jú sílẹ̀, wọ́n sì ní láti tún iṣẹ́ náà ṣí. Òun náà sọ ti bàbá rẹ̀ fún un. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi ń ṣàyẹ̀wò òṣùwọ̀n fún ìjọba: òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran, ti oníwúrà, ti alágbàdo. Èyí tó bá tọ́, ó lu òǹtẹ̀ sí i. Èyí tí kò bá tọ́, ó gbé e lọ. Àpótí igi kan wà nílé wọn tí àwọn ìwọ̀n idẹ tò sí nínú, kékeré dé ńlá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n, kí òógùn ọwọ́ má bàa kún ìwúwo wọn.

“Ibẹ̀ lẹ ti jogún ẹ̀,” ni Kíákíá wí.

“Ẹ ní kí ni?”

“Ojú tó ń wọn ènìyàn.” Lẹ́yìn náà ni ó ṣèèṣì sọ pé, “Mo fẹ́ràn bí o ṣe máa ń wò mí tí inú bá ń bí ọ.” Bí “ẹ” ṣe di “o” láàárín wọn nìyẹn, wọn kò sì dá a padà mọ́.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọ́n fẹnu kò. Vite ni yóò máa kó kóòdù jọ. Vitest ni yóò máa ṣe ìdánwò tó ju ẹgbẹ̀rún kan náà. Ìyá Ìdánwò sì fi dandan lé e pé kí wọ́n fi Playwright kún un fún ìrìn àjò méje péré: yóò ṣí ojú ewé gan-an bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣí i, yóò tẹ ìwọ̀n ọmọ, yóò ka èsì. Kíákíá kò janpata. Ohun tó jẹ́ kí ọkàn obìnrin náà rọ̀ sí i gan-an nìyí. Ọkùnrin náà yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sọ ìdí ọ̀rọ̀ fún un, ó máa ń dúró gbọ́.

Ó wá ku kí wọ́n kó ẹrù. Lára àwọn ìdánwò náà, àwọn kan jẹ́ fọ́tò. Ìdánwò á ya àwòrán ohun tí ojú ewé kọ nígbà tó dára, á tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ iwájú, á fi ohun tó bá rí wé fọ́tò àtijọ́. Bí wọ́n bá yàtọ̀, á pupa. Irinṣẹ́ tuntun náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń kọ fọ́tò sílẹ̀, àmì kékeré níhìn-ín, àlàfo lọ́hùn-ún, nítorí náà lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé, fọ́tò mẹ́tàlélógójì pupa lẹ́ẹ̀kan náà. Kíákíá wo àwọn bíi mélòó kan, ó rí i pé àmì lásán ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ènìyàn ń tẹ̀ láti sọ pé kí gbogbo fọ́tò tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Ìyá Ìdánwò kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.

Ìyá Ìdánwò ṣí i. Ó wo ẹyọ kan, ó wo méjì. Òjò ń rọ̀ níta, Kíákíá sì ti wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú agbòjò, ó ń dúró dè é. Ó wo mọ́kànlá. Gbogbo wọn dára. Ó fọwọ́ sí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí Ọ̀gá ṣí iṣẹ́ náà níwájú gbogbo wọn, kó tó gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ojú ewé ti yọ. Gbogbo ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́. Ìyá Ìdánwò náà pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣófo lọ́nà kan tí kò yé e. Ní ọ̀sán, Kíákíá wá jókòó sí etí tábìlì rẹ̀.

“Ìṣẹ́jú mẹ́rin wa dà?”

“Ìwọ náà lo fi irinṣẹ́ rẹ gbà á lọ.”

“Mo wá dá a padà ni.” Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sáàárín wọn, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú mẹ́rin fi pé. Láti ọjọ́ náà, kò pa á jẹ rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, níbi àtẹ̀gùn, níwájú ilẹ̀kùn alágádágodo, ó bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Ó ní òun yóò ronú. Kò tíì dé òkè tó fi yí padà tó ní òun ti ronú tán.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe alárenà ni Àǹtí, àbúrò bàbá Ìyá Ìdánwò lóbìnrin, tó ń ta gíláàsì ojú. Àǹtí ní kí Kíákíá wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé férémù ìdánwò lé e lójú, ó ń pààrọ̀ dígí sínú rẹ̀, ó sì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀.

“Ṣé o máa ń lu obìnrin? Ka ìlà kẹta.”

“Rárá, mà. K, D, O...”

“Ṣé o ní ìyàwó níbì kan? Ìlà kẹrin.”

Nígbà tó tú u sílẹ̀, ó pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. “Ojú rẹ̀ dára, kò purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kì í ṣe èmi o.”

Àǹtí kò parọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, bàbá náà gbà wọ́n ní pálọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ gan-an, àpótí igi rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ ọkùnrin náà. Kíákíá ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ sì kó sí i.

“Irinṣẹ́ wo lo ń lò báyìí?”

“Vite, sà.”

“Kí ló wà níbẹ̀ kó o tó dé?”

“Webpack, sà.”

“Níbi tó o ti ń bọ̀ ńkọ́?”

“Parcel ni, sà. Ṣáájú ìyẹn... Gulp.”

Bàbá ń fi ìka kà á. “Irinṣẹ́ mẹ́rin. Láàárín ọdún mélòó?”

“Ọdún mẹ́fà, sà.”

“Èmi, àpótí kan yìí ni mo lò fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.” Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀. “Ẹni tí irinṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí ọmọ mi bá di ti àtijọ́?”

Kíákíá rẹ́rìn-ín díẹ̀, àṣìṣe gbáà nìyẹn. “Bàbá, irinṣẹ́ ni mo máa ń pààrọ̀, mi ò pààrọ̀ ènìyàn rí.”

“Ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn. Òṣùwọ̀n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn.” Bàbá dìde láti sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. “Mi ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mi ò sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n rí i lórí òṣùwọ̀n ná.”

Nígbà tí àlejò lọ, bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀ níbi tí ó ti ń fọ ife pé, “Ìwọ ni mo fọkàn tán. Ìwọ kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá lójú rẹ.” Inú Ìyá Ìdánwò dùn láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bó ti ń nu ife, ìbéèrè bàbá rẹ̀ kò kúrò ní etí rẹ̀. Ọdún mẹ́fà, irinṣẹ́ mẹ́rin. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀, kò mọ èyí tó yẹ kó gbàgbọ́ nínú méjèèjì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì tí ojú ewé tuntun náà dé ọwọ́ àwọn ilé ìwòsàn, fóònù ọ́fíìsì dún. Òun ló gbé e.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ojú ewé oògùn yìí?” Ohùn nọ́ọ̀sì kan ni, kò sì kí i. “Ọmọ kílò márùn-ún wà níwájú mi. Ojú ewé yín ní kí n fún un ní mílílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣé ẹ fẹ́ kí n pa á ni?”

Ìyá Ìdánwò dìde dúró. “Ṣé ẹ ti fún un, mà?”

“Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fún ọmọ lóògùn. Méjì àbọ̀ ni. Ojú mi ṣì ń ríran.”

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi pa ojú ewé náà. Wọ́n pe gbogbo ilé ìwòsàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ kankan tó mu oògùn jù. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, wọ́n bá a. Kíákíá ló tún ìlà kan ṣe nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù, àmì tó wà láàárín méjì àti márùn-ún, tó ń sọ ọ́ di méjì àbọ̀, sì ti sọnù. Ìrìn àjò méje tí wọ́n fi Playwright rìn kò rí i, nítorí ọmọ kílò mẹ́wàá ni wọ́n lò níbẹ̀, márùn-ún gééré ni oògùn tirẹ̀, kò sí àmì tó lè sọnù. Ṣùgbọ́n fọ́tò kan ti rí i. Fọ́tò kan ti pupa, ó ti pariwo, láàárín àwọn méjìlélógójì yòókù tí ń pariwo. Ìkẹtàlélógún ni. Kíákíá ní kó rọ́pò ti àtijọ́, Ìyá Ìdánwò sì dúró sórí mọ́kànlá.

“Èmi ni, mà,” ni Kíákíá wí ní yàrá Ọ̀gá.

“Mo mọ̀. Orúkọ ẹ wà níbẹ̀. Ta ló fọwọ́ sí i?”

Orúkọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tó lè sá sí. “Èmi ni, mà,” ni Ìyá Ìdánwò sọ. Ọ̀gá kò pariwo. Ó wò wọ́n, ó ní kí wọ́n lọ tún un ṣe. Ìbá sàn kí ó pariwo.

Níbi àtẹ̀gùn ni wọ́n ti jà.

“Kí ló dé tí o tẹ̀ ẹ́?”

“Mo rò pé àmì lásán ni gbogbo wọn.”

“O rò.”

“Ìwọ náà yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Mo wo mọ́kànlá.”

“Kí ló dé tó o dúró sí mọ́kànlá?”

Ìyá Ìdánwò kọjú sí ògiri. Ó mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ ni, yóò wo gbogbo rẹ̀ tán, kódà bí òjò ń gbé ilé lọ. Ìtìjú ìyẹn ju ti àṣìṣe lọ, kò sì lè gbé e sọ. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí ìṣẹ́jú mẹ́rin láàárín wọn. Ó ń rí Kíákíá nídìí tábìlì rẹ̀, tó tẹ orí ba, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé kan tí kò fi han ẹnikẹ́ni. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n jókòó sínú yàrá kan náà.

Nígbà tí Àǹtí gbọ́, ó gbá àyà. “Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé etí ẹ̀gbọ́n mi o. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé ọmọ kankan kú? Kò kú. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ìyá Ìdánwò ti fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹwàá, Kíákíá wá bá a nídìí tábìlì. “Mo fẹ́ lọ sọ fún Bàbá.”

“Wọn ò ní jẹ́ kó o wọlé mọ́ láéláé.”

“Bí wọ́n bá máa lé mi, èmi gan-an ni kí wọ́n lé, kì í ṣe ẹni tí Àǹtí júwe fún wọn.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mi ò ní dárúkọ rẹ. Apá tìrẹ, ìwọ lo ni ín.”

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Kò pẹ́ tí ojú fi tì í pé ọkàn òun balẹ̀.

Pálọ̀ kan náà ni, ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀ kan náà, àpótí kan náà. Àǹtí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó di ọwọ́ pọ̀. Kíákíá kò jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

“Bàbá, ìdánwò sọ fún mi pé ohun tí à ń rí kò bá ohun tí a retí mu. Dípò kí n tún ohun tí à ń rí ṣe, ohun tí a retí ni mo yí padà.”

Ó yé Bàbá kíá. “O tún òṣùwọ̀n tò kó lè bá ẹrù mu.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Àwọn tó ṣe irú ìyẹn, mo máa ń gbé òṣùwọ̀n wọn lọ ni.”

“Mo mọ̀, sà.” Kíákíá yọ ìwé kan nínú àpò, ó sì gbé e fún un. “Mo padà lọ wo mẹ́tàlélógójì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yàtọ̀ nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan àti ìdí tó fi yàtọ̀, ó wà níbẹ̀. Mo rí òmíràn tó burú. Ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ tó parí oṣù, ojú ewé ń fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ tó yẹ kó padà wá. Mo ti sọ fún Ọ̀gá láàárọ̀ yìí.”

Bàbá gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀. Ó ka ìwé náà. Ó kà á bí ó ṣe ń ka gbogbo nǹkan, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò sì fo ọ̀kan. Ìyá Ìdánwò ń gbọ́ bí Àǹtí ṣe ń mí.

“Ta ló fi ìkejì yìí hàn ọ́?”

“Kò sẹ́ni kankan, sà.”

“Bó o bá dákẹ́ ńkọ́?”

“Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀.”

Bàbá ká ìwé náà. “Kó o tó fi iṣẹ́ yẹn síta, ẹnì kan ò yẹ̀ ẹ́ wò ni? Ní tiwa, ènìyàn méjì ni.”

Kíákíá wo ilẹ̀. “Ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò, sà.”

“Ta ni?”

Kò dáhùn. Bàbá ń wo ọkùnrin náà, kò wo ibòmíràn, nítorí kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá pé ibòmíràn wà tó yẹ kó wò. Ìyẹn ló dun Ìyá Ìdánwò jù. *Ìwọ kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá lójú rẹ.* Bó bá dákẹ́, bàbá rẹ̀ yóò máa rò ó bẹ́ẹ̀ títí lọ, òun yóò sì fẹ́ ọkùnrin tó ru ẹrù àwọn méjèèjì wọ ilé rẹ̀.

“Èmi ni, Bàbá.”

Àǹtí pa ojú dé.

“Ìwọ?”

“Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Nínú mẹ́tàlélógójì, mọ́kànlá péré ni mo wò.”

“Kí ló dé?”

Ìyá Ìdánwò wo Kíákíá. “Nítorí pé òun ló fi ránṣẹ́.”

Bàbá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Mo rò pé ìkánjú ọkùnrin yìí ni wàhálà,” ó ní. “Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó bá tún òṣùwọ̀n ṣe kò gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí i. Ìyàwó rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ lù ú. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú. Ojú tí a fi ń wo olólùfẹ́ kọ́ la fi ń wo ìwọ̀n.” Ó yíjú sí Kíákíá. “Láti òní, kí ẹni kẹta máa yẹ iṣẹ́ yín wò. Kí ìwọ má fọwọ́ sí tirẹ̀, kí òun náà má fọwọ́ sí tìrẹ. Bí ẹ bá sì jà nílé, ẹ má fi ara yín ṣe adájọ́, ẹ wá Àǹtí yín lọ.”

“Háà!” ni Àǹtí wí. “Nílé? Ilé wo?”

Bàbá yíjú sí tábìlì. Ó ṣí àpótí igi náà, ó fi aṣọ funfun mú ìwọ̀n idẹ tó kéré jù, ó ń yí i lójú ìmọ́lẹ̀. “Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n,” ó ní. “Mo wọ ṣọ́ọ̀bù tí mi ò lè kà. Gbogbo wọn ló máa ń dúró kí n wá ká wọn mọ́. Àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn gbé òṣùwọ̀n wá bá mi, tí wọ́n ní, ‘Ọ̀gá, ó jọ pé tèmi ò tọ́,’ àwọn mẹ́rin péré ni. Mo mọ orúkọ wọn títí dòní.” Ó dá ìwọ̀n náà padà sáàyè rẹ̀, ó sì wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà. “Wọ́n di mẹ́fà.”

Ìyá Ìdánwò sunkún níbẹ̀, kò sì fi pamọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣègbéyàwó, Àǹtí fún wọn ní kẹ́tùlù onína tó ń se omi láàárín ìṣẹ́jú kan. Inú páálí rẹ̀ ló ṣì wà. Kẹ́tùlù irin kan tí ìyá Kíákíá lò nígbà tó ń ránṣọ ni wọ́n ń gbé kaná láràárọ̀, àwọn méjèèjì á sì jókòó ti tábìlì kíṣìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́rin tí omi fi ń hó, láìfọwọ́ kan fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. “Ìwọ Kíákíá, ṣé ìwọ nìyí?” Ohun kan náà ló máa ń dá a lóhùn: “Jẹ́ kó máa lọ́ra.”

Ní ọdún kẹta, bàbá bá wọn níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wo kẹ́tùlù náà.

“Òun náà lẹ ṣì ń lò?”

“Òun náà ni, sà,” ni Kíákíá wí.

Bàbá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo iná. Lẹ́yìn náà ni ó fa àga kan sún mọ́ tábìlì, òun náà sì jókòó láti bá wọn dúró dè é.